Iṣẹ́ Ìdánwò ní Èbúté Àbíjàn: Ẹni Tí Ó Ru Ẹrù Ni Ó Yẹ Kí Ó Gba Owó

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwa ọmọ Yorùbá tí a ní ará ní Àbíjàn mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ sọ síta, nítorí pé ó kan àwọn onílé, ó sì kan àwa àlejò pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti iṣẹ́ ìdánwò. Ènìyàn a tọrọ iṣẹ́. Wọn a ní kí ó wá ṣe é wò fún ọjọ́ kan, tàbí ọjọ́ mẹ́ta, tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Yóò ṣe é tọkàntọkàn. Bí iṣẹ́ náà bá sì parí, wọn a ní kí ó máa lọ sílé, àwọn yóò ránṣẹ́ sí i. Kò rí iṣẹ́ gbà, kò sì rí owó gbà. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí ni pé: ǹjẹ́ ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba owó ọjọ́ tí ó fi dán iṣẹ́ wò? Ìdáhùn tiwa ni pé ó yẹ, ó tọ́, ó sì yẹ kí òfin fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé wa.

Ẹni tí kò bá mọ èbúté Àbíjàn lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó. Kí ó tó di ọdún 1950, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọ inú ọ̀sà Ébrié tí ìlú náà tẹ̀dó sí, nítorí pé ilẹ̀ oníyanrìn ni ó pààlà sáàárín òkun àti ọ̀sà. Orí afárá tí wọ́n nà wọ inú òkun ní Port-Bouët ni wọ́n ti ń já ẹrù. Ní ọdún 1950 ni wọ́n la ọ̀nà omi Vridi já, tí òkun àti ọ̀sà fi pàdé. Nígbà tí ó sì di oṣù kejì ọdún 1951, wọ́n ṣí èbúté náà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbòòrò sí i. Kókó àti kọfí ilẹ̀ náà ń gba ibẹ̀ jáde. Ìrẹsì, ẹja dídì àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹrù àwọn ará Burkina Faso àti Mali, tí ilẹ̀ wọn kò kan òkun, ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní ìparí ọdún 2022, wọ́n ṣí ibùdó kejì fún kọ̀ǹténà, kí àwọn ọkọ̀ tí ó tóbi jù ti àtẹ̀yìnwá lè gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ibi tí ọrọ̀ bá ti ń ṣàn báyìí, ibẹ̀ náà ni àwọn tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ ń wọ́ lọ. Àwọn ará wa kò gbẹ́yìn. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí agbo ilé kan ní Ẹ̀jìgbò tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn. Bí ẹ bá sì na ọjà Ẹ̀jìgbò lónìí, ẹ ó gbọ́ kí àwọn ọmọ wa máa fi èdè Faransé dúnàádúrà. Ní Treichville, ní Adjamé àti ní Koumassi, àwọn Ànàgó, bí àwọn onílẹ̀ ti ń pè wá, ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣòwò, tí wọ́n ń bímọ, tí wọ́n sì ń sin òkú wọn. Láti ọdún 1979 tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS lórí ìrìnnà àti ìgbélùú, ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilẹ̀ náà láìgba ìwé ìyọ̀ǹda tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń wá iṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà èbúté náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé onílé. Ọmọ wa ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú tèmi rí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìtàn àgbọ́sọ ni mo ń rò. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń gbé ní Treichville. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí a jọ ń sun yàrá kan náà sọ fún mi pé ilé ìkẹ́rùsí kan tí kò jìnnà sí èbúté ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí ó lágbára. A ti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. A ju ogún lọ. Ọ̀gá tí ó jáde sí wa tọ́ka sí àwa méje. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni òun yóò fi dán wa wò, ẹni tí ó bá yege ni yóò gba ìwé iṣẹ́. Kókó ni a rù. Àpò kan tó nǹkan bí kílò 65, a sì ń rù ú láti inú ilé ìkẹ́rùsí náà sí orí ọkọ̀ akẹ́rù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì, èjìká mi bó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi òrí pa á fún mi, ó ní, “Ọmọ mi, rọ́jú, iṣẹ́ ti ń bọ̀ nìyẹn.” Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ọ̀gá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní kí a máa lọ, òun yóò ránṣẹ́ sí àwọn tí òun bá mú. Kò béèrè orúkọ wa, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ilé tí a ń gbé. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti fura. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn méje mìíràn ni mo rí tí wọ́n ń ru kókó.

Ilé ìkẹ́rùsí náà kò wá òṣìṣẹ́ rárá. Ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó ń wá. Bí méje bá ń lọ, tí méje ń bọ̀, ẹrù kò ní dúró, owó kò sì ní jáde lápò. Ìdánwò kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé a dán wa wò bóyá a gọ̀.

A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ èbúté náà rí, nítorí pé irọ́ ni yóò jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń já ẹrù nínú ọkọ̀ òkun ní ìwé tiwọn, ẹgbẹ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe ìjáẹrù tí a ń pè ní SEMPA ni ó sì ń bójútó ìgbaniṣíṣẹ́ wọn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa bá wí ni àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn ògiri: ilé ìkẹ́rùsí, ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù, ibi tí a ti ń ṣa kókó, ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìfọṣọ tí èbúté ń bọ́. Níbẹ̀ ni ìwé ti ṣọ̀wọ́n, tí ẹnu nìkan sì jẹ́ àdéhùn.

Ìjọba Côte d'Ivoire kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2015 gbà pé agbanisíṣẹ́ lè dán òṣìṣẹ́ wò, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí a kọ àdéhùn ìdánwò náà sílẹ̀. Ìlànà tí ìjọba náà gbé jáde ní ọdún 1996 fi ọjọ́ mẹ́jọ sí i fún ẹni tí ń gba owó ní wákàtí wákàtí tàbí ní ojúmọ́. Ìdánwò tí òfin mọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ara àdéhùn iṣẹ́ ni, owó sì wà nínú rẹ̀. Òfin kan náà mọ alágbàṣe ojúmọ́, ẹni tí a gbà fún iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan, tí a ó sì san owó rẹ̀ ní ìparí ọjọ́, tàbí ní ìparí ọ̀sẹ̀, tàbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Níbo wá ni ihò wà tí eku fi ń wọlé? Ihò náà ni pé agbanisíṣẹ́ yóò sọ pé òun kò tíì gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, nítorí náà òfin iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò sì gbọ́ Faransé tó, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò pé, kò ní gbójú gbóyà lọ bá olùbẹ̀wò iṣẹ́ láti lọ bá ọ̀gá náà ṣe ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó náà, nítorí pé ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni ìjọba ti gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Côte d'Ivoire láti 60,000 sẹ́fà sí 75,000. Wákàtí iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ jẹ́ 40. Ní oṣù, ó jẹ́ 173 àti díẹ̀. Bí a bá pín owó náà, wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 433 sẹ́fà. Ọjọ́ oníwákàtí mẹ́jọ sì jẹ́ nǹkan bí 3,460. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wo ni 3,460 sẹ́fà yóò sọ di aláìní? Ṣùgbọ́n ẹ wo ìhà kejì. Ní ìwọ̀n owó òde òní, ènìyàn méje tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta yóò gba nǹkan bí 72,700 sẹ́fà. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi owó oṣù òṣìṣẹ́ kan. Bí ilé iṣẹ́ náà bá sì fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ gba oṣù kọjá, ìgbà méje léraléra, owó tí ó ju 508,000 lọ ni ó fi pamọ́ sínú àpò ara rẹ̀. Owó tí ó kéré lójú olówó nígbà tí a bá ní kí ó san án ni ó di ọrọ̀ nígbà tí kò bá san án.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà ni, pé àwọn baba wa pàápàá ṣiṣẹ́ láìgba owó. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún àwọn baba wa, kí a má purọ́ mọ́ wọn. Nínú àáró, mo bá ọ ro oko rẹ lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Iṣẹ́ ni a fi san iṣẹ́. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò gún iyán, tí yóò gbé ẹmu kalẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì tì í bí oúnjẹ kò bá kárí. Ìwọ̀fà tí ó ń sin olówó, owó ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ tàbí sí ọwọ́ ará ilé rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sìn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń jẹ oúnjẹ ọ̀gá rẹ̀, bí ó bá sì gba òmìnira, iṣẹ́ ọwọ́ tí yóò fi jẹun títí ọjọ́ ikú ni ó bá lọ. Ẹ wá sọ fún wa, nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èwo ni ti ọmọ tí ó ru kókó fún ọjọ́ mẹ́ta tí wọn kò fi ẹ̀kọ tútù lọ̀ ọ́? Kò kọ́ iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Orí rẹ̀ ti mọ bí a ti ń ru ẹrù kí ó tó kúrò nílé. Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ kò sì jiyàn lórí èyí: ẹ̀sìn méjèèjì ni ó kọ̀ fún wa láti dá owó alágbàṣe dúró.

Bí ìlú kan bá wà tí ó yẹ kí ó tètè kọ iṣẹ́ ọ̀fẹ́, Àbíjàn ni. Láyé àwọn Faransé, tipátipá ni wọ́n ń kó ènìyàn lọ sí oko ńlá àti ojú iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ náà, wọ́n tilẹ̀ ń kó wọn wá láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé fọwọ́ sí òfin tí ó pa iṣẹ́ àfipáṣe rẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àkóso lé lórí, orúkọ Félix Houphouët-Boigny ni wọ́n sì fi ń pe òfin náà títí di òní, nítorí pé òun ni ó gbé e wá. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1960. A kò sọ pé iṣẹ́ ìdánwò àti iṣẹ́ àfipáṣe jẹ́ ohun kan náà. Ẹni tí ó wá síbi ìdánwò, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn wá. Kò sí ọlọ́pàá tí ó nà án. Ṣùgbọ́n ebi náà ní pàṣán lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí ó lé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ jáde láti ẹnu ọ̀nà iwájú kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Kì í ṣe ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni ọ̀ràn yìí ti wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aláàárù èbúté London da iṣẹ́ sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dúró ní ẹnu ọ̀nà kí ọ̀gá tó tọ́ka sí ẹni tí ó wù ú. Wọ́n lè pe ẹlòmíràn fún wákàtí kan tàbí méjì, kí wọ́n sì lé e dànù. Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀: sísì kan fún wákàtí kan, àti pé ẹni tí a bá ti pè síṣẹ́, owó wákàtí mẹ́rin ni yóò gbà ó kéré tán, ìbáà ṣe wákàtí kan ni ó ṣe. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹsàn-án, àwọn ọ̀gá gbà fún wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́rin yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ àti nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọ̀rọ̀ náà tún dìde ní ayé tiwa yìí. Stewart McDonald, aṣòfin kan láti ìlú Glasgow, gbé àbá òfin lọ sí ilé ìgbìmọ̀ pé kí a fi òfin de ìdánwò iṣẹ́ tí kò ní owó. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2018 ni wọ́n jíròrò lé e lórí. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ títí àkókò fi tán, àbá náà sì kú sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n kò kú lásán. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba wọn gbé ìtọ́sọ́nà jáde láti fi hàn pé ìdánwò tí ó bá ju ohun tí a nílò láti mọ ìmọ̀ ènìyàn lọ jẹ́ iṣẹ́ tí owó tọ́ sí, àti pé èyí tí ó bá ju ọjọ́ kan lọ yóò ṣòroó pè ní ìdánwò lásán. Ohun tí ó yẹ ká kọ́ níbẹ̀ ni pé ìtọ́sọ́nà dára, ṣùgbọ́n òfin tí ó ṣe kedere dára jù ú lọ, nítorí pé aláìní kò ní owó agbẹjọ́rò tí yóò bá a túmọ̀ ìtọ́sọ́nà.

Ó tọ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ wa kò bá lára mu, nítorí pé àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Wọ́n ní, báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́ bí a kò bá dán an wò? Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí agbanisíṣẹ́ di ojú ra ológbò nínú àpò. Ṣùgbọ́n ìdánwò àti iṣẹ́ kì í ṣe ohun kan náà, ìyàtọ̀ wọn kò sì ṣòroó mọ̀. Bí o bá ní kí n gbé àpò kan láti ìhín dé ọ̀hún kí o lè rí agbára mi, ìdánwò nìyẹn. Bí o bá ní kí n di ẹrù kún ọkọ̀ akẹ́rù, tí ọkọ̀ náà sì gbéra lọ sí ọjà, iṣẹ́ nìyẹn. Bí o bá ní kí obìnrin kan se ọbẹ̀ ìkòkò kan kí o tọ́ ọ wò, ìdánwò ni. Bí o bá bu ọbẹ̀ náà tà fún oníbàárà, iṣẹ́ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó: ta ni ó jẹ èrè ohun tí ọwọ́ ẹni náà ṣe?

Wọ́n tún ní àwọn kan yóò máa ti ìdánwò bọ́ sí ìdánwò kí wọ́n lè gba owó ojúmọ́ láìní ọkàn iṣẹ́. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ojúmọ́ tí ó sì gba owó ojúmọ́, kí ni ó jí? Bí kò bá sì mọ iṣẹ́ náà, wákàtí kan tó láti rí i, kí a sì ní kí ó máa lọ ní pẹ̀lẹ́.

Èyí tí ó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ti àwọn oníṣòwò kéékèèké. Wọ́n ní ìyá tí ń ta oúnjẹ ní Adjamé kò ní agbára ilé iṣẹ́ ńlá; bí a bá sọ pé kí ó sanwó fún gbogbo ẹni tí ó bá wá gbìyànjú, kò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò ṣe onídùúró fún wọn ni yóò sì pàdánù. A kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan yóò dín iye tí wọ́n ń pè kù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí yóò san owó ojúmọ́ kì í pe ogún ènìyàn láti mú ẹyọ kan, yóò fara balẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, yóò yan méjì, yóò sì dán méjì wò. Àwọn méjìdínlógún tó kù yóò ti tètè mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀, wọn yóò sì lo ọjọ́ wọn láti wá òmíràn. Kí a tètè sọ “kò sí” fún ènìyàn sàn ju kí a fi “bóyá” gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ náà pàápàá, bí ẹni tí ó wá ìdánwò bá fọ àwo rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, owó tí ó pa lọ́jọ́ náà ni yóò ti yọ owó rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó burú ju owó lọ. Àpò kókó lè já lé ènìyàn lẹ́yìn. Ọkọ̀ lè fa sẹ́yìn kí ó gbá a. Ní Côte d'Ivoire, ilé iṣẹ́ tí a ń pè ní CNPS ni ó ń ṣètò ìtọ́jú ẹni tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ni ó sì gbọdọ̀ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò béèrè orúkọ rẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí pé ó wà níbẹ̀ rí? Wọn yóò gbé e jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọn yóò ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí, òótọ́ ni wọ́n sì sọ, nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a bá sanwó fún, a ó kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ ti di ènìyàn níwájú òfin. Ìdí nìyẹn tí owó ojúmọ́ kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, fi ṣe pàtàkì.

Nísinsìnyí, kí a tó na ìka sí àlejò, ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé. Àwọn kan nínú wa tí Ọlọ́run ti ṣí ọ̀nà fún ní Àbíjàn ń wá sílé ní ìgbà ọdún, wọn a mú ọmọ ẹbí lọ, wọn a ní àwọn ń lọ kọ́ ọ ní òwò. Ọ̀pọ̀ ń ṣe dáadáa, àwọn ọmọ tí wọ́n mú lọ sì ti di ọlọ́jà ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ọmọ yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn fún ọdún méjì, tí wọn yóò máa sọ pé àwọn ṣì ń dán ìwà rẹ̀ wò. Bí ó bá béèrè ohun tí ó tọ́ sí i, wọ́n a ní aláìmoore ni. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ṣé àwa náà ni yóò wá máa fi orí ọmọ wa fọ́ ọ?

Ní ilé níhìn-ín, ní Nàìjíríà, a kò lè yangàn. Òfin iṣẹ́ wa fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn. Oṣù mẹ́ta! Ẹni tí ó bá lé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé kò ní fi ẹyọ ìwé kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ ẹ̀rí. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù, ti ọdún 2019, tún yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì gbé owó náà sí 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kí ó wá ṣe “ìdánwò” fún ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ìwé aládàáni tàbí ní ilé ìtura kò bá wa jẹ nínú àtẹ́wọ́ náà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ sí abẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kò lè dá a ṣe. Nítorí náà, Abùjá ni a ní láti kọjú sí, àwọn tí a fi ìbò wa rán lọ síbẹ̀ ni ó sì yẹ kí a bi.

Kí ni a ń béèrè? Ohun mẹ́rin péré ni. Èkíní, kí ìdánwò tí kò ní owó má ṣe ju wákàtí kan lọ, kí ó sì jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò jẹ èrè rẹ̀. Èkejì, kí ẹni tí a bá dá dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ gba owó wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláàárù London ti béèrè ní ọdún 1889. Bí ó bá sì ju wákàtí mẹ́rin lọ, kí ó gba owó ojúmọ́ pé, ìbáà yege, ìbáà kùnà. Ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó wá sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ẹrù, kí ìtọ́jú ẹni tí ó fara pa sì bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí náà. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbíjàn yan àwọn tí ó gbọ́ Faransé yékéyéké, tí yóò máa sin ọmọ tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lọ sọ́dọ̀ olùbẹ̀wò iṣẹ́, kí ó má baà jẹ́ pé òun nìkan ni yóò dúró níwájú ọ̀gá.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kò nílò kí a dúró de ìgbà ìbò. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́ọ̀bù nínú yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la: ẹni tí ó bá wá ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ yín, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fi owó ọjọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ kí ó tó lọ. Ẹni tí kò bá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ìwé sí aṣòfin yín, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan yìí nígbàkigbà tí ó bá wá sí ìpàdé wọ́ọ̀dù.

Ní ti èmi, èjìká mi ti jinná tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá tún gba ẹ̀bá èbúté náà kọjá ní ìdájí, mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń retí kí ìka kan tọ́ka sí wọn. Ẹni tí ìka náà bá tọ́ka sí nínú wọn, kí ó mú owó dé ilé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí a ń béèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.